Iṣẹ́ ṣeé fi rán ẹlòmíràn, ojúṣe kò ṣeé fi ránni: Ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó fa aláìsàn lé ‘auxiliary’ lọ́wọ́

Ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí wọ Okokomaiko, bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ìyá tàbí bàbá ẹni, tí ọsibítù wá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ẹbí: "Ẹ jẹ́ ká wá auxiliary kan tí yóò máa tọ́jú Màmá." Wọn á pe ẹni tó mọ ẹni, wọn á dúnàádúrà lórí owó oṣù, ọmọbìnrin kan á sì gbé báàgì rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ń wẹ Màmá, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń wọn ìfúnpá rẹ̀, òun náà ló tún ń gún un lábẹ́rẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í béèrè: ta ni nọ́ọ̀sì tó rán ọmọbìnrin yìí níṣẹ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nínú ìtọ́jú aláìsàn, bí kò bá sí ẹni tó rán ni níṣẹ́, kò sí ẹni tí a máa padà lọ jábọ̀ fún nígbà tí nǹkan bá yí padà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: iṣẹ́ wo ni nọ́ọ̀sì lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, èwo ni kò ṣeé fi lé e lọ́wọ́, kí sì ni ẹbí lè ṣe nínú ilé tí kò sí nọ́ọ̀sì rárá?

Ta ni nọ́ọ̀sì, ta sì ni auxiliary?

Ní àdúgbò, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ búlúù, "Nọ́ọ̀sì" la máa ń pè é. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tó yege nínú ìdánwò Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àjọ náà. Láti 1979 ni òfin tó gbé àjọ yìí ró ti wà. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà máa ń gbà, ó kéré tán. Ní yunifásítì, ọdún márùn-ún ni. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tó máa parí, ó sì gbọ́dọ̀ lọ tún un ṣe kó tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, òfin lòdì sí i.

Àwọn kan tún wà tí ẹ máa ń bá ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba, ìyẹn primary health centre, tí wọ́n ń pè ní CHEW. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe auxiliary náà. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera, irú èyí tí ìjọba Èkó ní ní Yaba. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ láti 1992, wọ́n sì ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Standing Orders. Ìwé náà ló ń sọ fún wọn pé bí aláìsàn bá rí báyìí, ohun tí ẹ lè ṣe nìyí, àti pé tó bá ti kọjá báyìí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Auxiliary kò sí nínú ìwé kankan. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni fún oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan. Àwọn míì nínú wọn mọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní sùúrù, aláìsàn sì fẹ́ràn wọn. A ò bú wọn o. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ìgbìmọ̀ tó dán wọn wò, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi báyìí ni iṣẹ́ wọn dúró sí. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì kan kò bá sí lẹ́yìn wọn, wọ́n dá nìkan wà nìyẹn.

Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ń rán ẹlòmíràn níṣẹ́?

Ẹ má rò pé ìwà ọ̀lẹ ni. Kò sí ìlú náà lágbàáyé tí nọ́ọ̀sì ti ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Aláìsàn pọ̀, nọ́ọ̀sì kò tó, pàápàá lásìkò tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń "japa" yìí. Ní 2008, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí bí wọ́n ṣe lè pín iṣẹ́ ìlera láàárín òṣìṣẹ́. Ní 2014, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé tirẹ̀ jáde. Lára ohun tí ìlànà Nàìjíríà yẹn ṣe ni pé ó gba CHEW láyè láti máa fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń kì bọ apá sí àwọn obìnrin lára, tí wọ́n bá ti kọ́ wọn. Èyí mú kí obìnrin tó wà ní ìgbèríko rí i gbà nítòsí, láìwọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí ìyẹn bójú mu: wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà gan-an, wọ́n kọ ibi tí agbára wọn mọ sílẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀gá tí wọ́n lè pè. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yọ, nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ "care" nílùú òyìnbó. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1987 sọ pé ẹni tó máa ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú arúgbó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ fún wákàtí 75, ó kéré tán, kó sì ṣe ìdánwò. Ní Britain, ìlànà iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ gbangba pé nọ́ọ̀sì tó bá fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló máa dáhùn fún ìpinnu yẹn. Ẹni tí wọ́n rán náà ní tirẹ̀: kó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kó sì sọ̀rọ̀ bó bá ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò lè sọ pé, "Kì í ṣe èmi, auxiliary ni." Ó lè fi iṣẹ́ ránni, kò lè fi ojúṣe rẹ̀ ránni.

Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ojú

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, kó lè yé wa dáadáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Màmá kan ní àtọ̀gbẹ. Dókítà kọ insulin fún un, yúnìtì 20 láràárọ̀. Wọ́n kọ́ auxiliary bí wọ́n ṣe ń fà á sínú abẹ́rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń gún un sí awọ ikùn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, Màmá jí, ó ní òun ò jẹun. Ó ní ó rẹ òun. Òógùn ń bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́. Auxiliary wo aago, ó rí i pé aago méje ti lù, ó sì gún abẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń gún un lójoojúmọ́.

Ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n òógùn àti àárẹ̀ yẹn lè jẹ́ àmì pé súgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dl, ó ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá tún wá fi insulin kún un láìjẹun, ó lè dákú, gìrì lè mú un, ó lè bá ibẹ̀ kú. Gígún abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Mímọ̀ pé abẹ́rẹ́ tòní kò yẹ ní gígún, iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọpọlọ ni. Nítorí rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣe lo gbogbo ọdún yẹn nílé ẹ̀kọ́.

Ewu kejì tún wà nínú insulin yẹn kan náà. Insulin tó wọ́pọ̀, yúnìtì 100 ló wà nínú mílílítà kan. Èyí túmọ̀ sí pé yúnìtì 20 kò ju 0.2 ml lọ, ẹ̀kán bíńtín. Abẹ́rẹ́ insulin ní àmì yúnìtì lára. Ká ní èyí tó wà nílé ti tán, tí ẹnì kan wá sáré lọ ra abẹ́rẹ́ 2 ml lásán ní kẹ́míìsì, tó sì fa insulin dé ojú ìlà "2", yúnìtì 200 ló fà yẹn o. Ìlọ́po mẹ́wàá! Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹni tí wọn ò kọ́ ní ìyàtọ̀ abẹ́rẹ́ méjèèjì kò lè mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà.

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan insulin láéláé? Rárá. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ń gún un, àwọn ọmọ ń gún un fún ìyá wọn. Ní England, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé máa ń kọ́ àwọn olùtọ́jú kan kí wọ́n lè máa gún insulin fún aláìsàn tí ara rẹ̀ ti dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́ wọn, wọ́n á wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á sì tún máa padà wá wò wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń kọ́ wọn ni ìgbà tí wọn kò gbọ́dọ̀ gún un.

Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú ìtọ́jú aláìsàn, ọ̀nà tí à ń gbà fi tọmọ jẹ́ ẹ ni kí ẹni tí a rán dúró, kó sì pe ẹni tó rán an, bí nǹkan bá ti yàtọ̀ sí ti àná. Kì í ṣe pé kó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dín oògùn kù tàbí kó fi kún un.

Èwo ló ṣeé fi ránni, èwo ni kò ṣeé fi ránni?

Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni olùrànlọ́wọ́ lè ṣe, bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ọ, tó sì ti dúró wò ó níbi tó ti ń ṣe é:

• Wíwẹ aláìsàn, fífọ ẹnu rẹ̀, pípààrọ̀ pámpásì, wíwọ aṣọ fún un.

• Yíyí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa dá sí i lára.

• Fífún un lóúnjẹ bó bá lè gbé e mì dáadáa, kó sì jókòó nàró kó tó jẹun.

• Wíwọn ìfúnpá àti bí ara ṣe gbóná tó, kó sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

• Dída ìtọ̀ inú báàgì nù fún ẹni tó ń lo rọ́bà ìtọ̀, kó sì rí i pé báàgì náà ń wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tirẹ̀, ì báà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó:

• Kó pinnu irú ìtọ́jú tó yẹ aláìsàn, tàbí kó sọ pé ara rẹ̀ ti yá, kí wọ́n dá oògùn dúró.

• Kó fa dírípù tàbí kó gún abẹ́rẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

• Kó ki rọ́bà ìtọ̀ bọ aláìsàn lábẹ́, tàbí kó ki rọ́bà oúnjẹ bọ ọ́ nímú. Bí rọ́bà oúnjẹ bá ṣì ọ̀nà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ògì tó yẹ kó wọ inú ikùn á lọ kún ẹ̀dọ̀fóró.

• Kó máa gé egbò tó jìn, tó dúdú tàbí tó ń ṣọyún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí dírípù, torí ní àdúgbò wa, ó ti di nǹkan tí wọ́n ń gbé wọlé bí ẹni gbé pure water. Ibà díẹ̀, wọ́n á ní "ẹ pe auxiliary kó wá fa dírípù kan." Ẹni tí ọkàn tàbí kídìnrín rẹ̀ kò bá ṣe dáadáa, bí omi bá sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jù, ó lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó má lè mí mọ́. Wíwá iṣan nìkan kọ́ ni iṣẹ́ dírípù. Ta ló kọ ọ́ fún un? Mélòó ni kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan? Ta ló máa jókòó tì í?

Ẹ tún jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń fà, torí ibẹ̀ ni auxiliary tó bá ní ojú ti lè gba ẹ̀mí là. Àwọn ìwé máa ń sọ pé ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ohun tó yẹ kó máa wò ni ibi tó dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, tó gbóná, tó le tàbí tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ìdí, gìgísẹ̀, ìbàdí, àti eegun ẹ̀yìn. Kó má fi ọṣẹ tàbí oògùn kankan ra á. Kó má dà á dé aláìsàn sórí ibẹ̀ mọ́, kó sì pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kí a tó ránni níṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ohun márùn-ún kọ́ nọ́ọ̀sì nípa fífi iṣẹ́ ránni. A ti tò ó bó ṣe máa yé ẹbí nílé:

1. Iṣẹ́ wo ni? Ṣé irú iṣẹ́ tó ṣeé fi ránni ni, àbí ó wà nínú àwọn tí a kà sókè yẹn tí kò ṣeé fi ránni?

2. Báwo ni ara aláìsàn ṣe rí lónìí? Fífún ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró lóúnjẹ, kò nira. Fífún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́sẹ̀ tó kọjá lóúnjẹ, tí wọn ò tíì yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò, ewu ni. Iṣẹ́ kan náà ni, aláìsàn ló yàtọ̀.

3. Ta ni à ń rán? Ẹ má béèrè pé "ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?" nìkan. Gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ló máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kó ṣe é níṣojú nọ́ọ̀sì.

4. Kí ni wọ́n sọ fún un? "Máa bá mi wo BP Màmá" kì í ṣe ìlànà. Ìlànà ni: "Wọ̀n ọ́n ní aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà òkè bá lé ní 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ lé ní 120, jẹ́ kí Màmá sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹnu bá wọ́, bí ọwọ́ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, má wọn nǹkan kan mọ́, ọsibítù ni."

5. Ta ló ń bẹ̀ ẹ́ wò? Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ọjọ́ wo ni nọ́ọ̀sì máa wá wo ìwé tí auxiliary ń kọ? Nọ́ńbà ta ni yóò pè láago méjì òru?

Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí márààrún, ẹ rán an níṣẹ́. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ dí i ná.

Ọmọbìnrin náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń fò dá. Bí Màmá bá kú, auxiliary ni gbogbo ilé á dojú kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: yíyí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣe é, òun náà ni wọ́n ní kó fọ aṣọ gbogbo ilé, kó se ọbẹ̀, kó lọ pọn omi. Kò ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí oorun ń kùn báyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ Màmá ti yí padà?

Èyí tó tún nira jù ni ọ̀wọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni, ilé àgbà ló wà. Bí "Àǹtí" bá pè láti London pé kó fa dírípù fún Màmá, ṣé ó lè sọ pé "Ẹ má bínú mà, mi ò kọ́ ọ"? Ọ̀pọ̀ kò lè sọ ọ́. Wọ́n á ní ó yájú, tàbí pé owó tí wọ́n ń san fún un kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fún un láyè látọjọ́ kìíní. Ẹ sọ fún un pé: "Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ fún wa, a ò ní bínú." Auxiliary tó bá sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n ṣe" kì í ṣe òpè. Òun gan-an ló ṣeé fi aláìsàn sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin auxiliary tó ń kà á náà, bí ọkàn yín bá wà nínú iṣẹ́ yìí lóòótọ́, ọ̀nà wà. Bí ẹ bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics, ẹ lè du ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìjọba Èkó tó wà ní Igando, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀kọ́ CHEW náà wà ní Yaba. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe á ní ìwé, á ní orúkọ, á sì ní ẹni tó dúró lẹ́yìn yín.

Bí owó ò bá tó ńkọ́?

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ló lè san owó nọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò sì pọn dandan. Ohun tí a nílò ni nọ́ọ̀sì tó máa rán auxiliary yín níṣẹ́, tó sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè ṣe é báyìí:

Kí ẹ tó gbé aláìsàn kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: oògùn wo, ìgbà wo, àmì ewu wo. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó yé yín. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí Ẹ̀gùn, tàbí Ìgbò. Ẹ mú auxiliary yín dání lọ́jọ́ náà, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Ẹ wá nọ́ọ̀sì kan tó ní láísẹ́ǹsì, tó ń gbé nítòsí, kó wá sílé lọ́jọ́ kìíní. Kó yẹ aláìsàn wò, kó kọ́ auxiliary, kó sì kọ ìlànà sínú ìwé kan tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, bí ara aláìsàn bá ṣe rí. Owó wákàtí díẹ̀ ni ẹ máa san, kì í ṣe owó oṣù. Ẹ wo láísẹ́ǹsì rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Kì í ṣe àrífín. Nọ́ọ̀sì gidi kì í bínú sí i.

Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń fún yín ní caregiver, ẹ bi wọ́n pé, "Ta ni nọ́ọ̀sì yín, ìgbà wo ló sì ń bọ̀?" Ẹ tún béèrè ìwé HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, tó sì ń bẹ̀ wọ́n wò. Àjọ náà ti ti ọsibítù pa ní Èkó nítorí pé àwọn tí kò kúnjú òṣùwọ̀n ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Kódà bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù aládàáni, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ òní?"

Ẹ má sì dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Badagry mọ̀ pé láti Okokomaiko, ì báà jẹ́ pé Igando la fẹ́ gbà lọ sí General Hospital Alimosho láti Ìyànà Ìbà, ì báà jẹ́ Badagry, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹni. Ẹ mọ ọsibítù tó sún mọ́ yín jù tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, sára ògiri yàrá aláìsàn, kí auxiliary lè rí i láìbéèrè.

Bí auxiliary bá wà nílé yín báyìí, ẹ lọ bi í lónìí pé, "Bí nǹkan bá ṣe Màmá láago méjì òru, ta lo máa pè?" Bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló mọ̀, ẹ wá nọ́ọ̀sì kan kún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.